Wọ́n fi Windows 11 sí kọ̀ǹpútà mi, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ìjerò-Èkìtì, Government ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Glaucoma ló gba ojú mi, ṣùgbọ́n mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀. NVDA, ohun tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè sí mi létí, ni mo fi ń lo láptọ́ọ̀pù mi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra jù, mo gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó. Windows 11 ló fi sí i, mi ò sì rán an níṣẹ́ yẹn. Láti ìgbà náà, tí mo bá tan án, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu títí ọmọ mi á fi bá mi tẹ password. NVDA ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn add-on mi, àwọn àfikún tí mo fi kún un, kò ṣiṣẹ́. Mail tí mo fi ń ka lẹ́tà ti pòórá. Nóòtì ẹ̀kọ́ tí mo kọ sínú WordPad kò ṣí. Tí mo bá fẹ́ kọ́pì fáìlì, mi ò bá ọ̀rọ̀ náà pàdé nínú mẹ́nù. Ọmọkùnrin náà ní kí n ní sùúrù, pé ó máa mọ́ mi lára. Ṣé mo lè dá a padà sí Windows 10? Àbí ọpọlọ mi ló ti ń gbó?

Ìdáhùn

Ìyá mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kẹ́yìn dáhùn ná: ọpọlọ yín kò gbó rárá.

Bí wọ́n bá gbé bọ́tìnì kan kúrò lápá òsì wá sí àárín, ẹni tó ríran á fi ojú wá a, á rí i, á kùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀yin ò fi ojú wá a. Ìka yín ló mọ ọ̀nà: Tab lẹ́ẹ̀mẹrin, ọfà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Enter. Nǹkan ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi há àárín, òǹkà ti dàrú, Enter tó yẹ kó ṣí lẹ́tà sì lè pa lẹ́tà rẹ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n tún ìsọ̀ inú ọjà tò lóru, tí wọ́n wá ní kí ẹ lọ ra iyọ̀ níbi tí ẹ ti ń rà á látijọ́. Kì í ṣe sùúrù lẹ ṣaláìní. Wọ́n yí ọ̀nà padà, kò sì sẹ́ni tó bá yín rìn ín lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti pé kí ẹ padà sí Windows 10, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má padà. 14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ọ́pdéètì tí gbogbo èèyàn ń rí gbà lórí Windows 10 dúró. Wọ́n ṣí ètò àfikún kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, pé kó máa gba ọ́pdéètì ààbò títí di October 2026, àmọ́ àsìkò tí èèyàn á fi palẹ̀ ẹrù mọ́ ni wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún. Ọ̀nà ìpadà fúnra rẹ̀ sì kúrú. Tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà láti 10 sí 11, ọjọ́ 10 péré ni bọ́tìnì Go back fi ń ṣiṣẹ́ nínú Settings, lábẹ́ System, níbi Recovery. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n nu gbogbo rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fi tuntun sí i, bọ́tìnì náà kò tiẹ̀ ní sí níbẹ̀. Bí NVDA yín ṣe ṣì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọkùnrin yẹn má nù ún, àfi tó bá jẹ́ pé òun ló tún fi NVDA sí i.

Ohun kan ló lè mú mi yí ohùn padà, ìyẹn ni tí agbára láptọ́ọ̀pù yín kò bá ká Windows 11. Microsoft ní kó ní TPM 2.0 (ẹ̀rọ ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà), RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 4GB ó kéré tán, àyè ìkófáìlìsí 64GB, àti processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn; tó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter, NVDA á ka irú Windows tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Windows pẹ̀lú I, ẹ wọ System, ẹ wọ About, kí ẹ tẹ́tí sí orúkọ processor. Bí ó bá kà á ní i5-7200U, fún àpẹẹrẹ, 7 tó ṣáájú nínú nọ́ńbà yẹn fi hàn pé ìran keje ni. Ẹ̀bùrú ni wọ́n gbà wọlé nìyẹn, Microsoft kò sì ṣèlérí pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ á máa rí ọ́pdéètì gbà. Ní ti 4GB tí wọ́n ní ó tó, kò tó fún ẹni tó fẹ́ lo NVDA, Word àti Chrome lẹ́ẹ̀kan náà. 8GB ni kí ẹ máa lé.

Ibí yìí ló bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Kọ̀ǹpútà tó ń lọ́ra lẹ gbé lọ, wọ́n tún di ẹrù tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lé e lórí. Ohun tó sábà máa ń wo irú ìlọ́ra bẹ́ẹ̀ sàn ni kí wọ́n yọ hard disk àtijọ́, kí wọ́n fi SSD, ibi ìkófáìlìsí tó yára jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì fi RAM kún un. Ẹ ò ní láti gba ẹnu onímọ̀ kankan gbọ́ lórí ìyẹn. Tí wọ́n bá ṣe é, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu NVDA: yóò dáhùn kí ìka yín tó kúrò lórí bọ́tìnì.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, torí bí ẹ ò bá lè wọlé fúnra yín, kí lẹ fẹ́ fi ìyókù ṣe? Láti ìgbà Windows 2000 ni Microsoft ti ń fi Narrator sínú Windows, ohun tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè bíi NVDA. Tí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà tó dé ibi tó ń béèrè password, ẹ tẹ Ctrl, Windows àti Enter papọ̀. Narrator á lanu. Ẹ tẹ password, ẹ wọlé, kí ẹ tún tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn padà láti pa á, kí òun àti NVDA má bàa máa sọ̀rọ̀ lu ara wọn. Ctrl, Alt àti N ló ń jí NVDA tí kò bá jí fúnra rẹ̀.

Ìyẹn wà fún ọjọ́ pàjáwìrì o. Tí ẹ bá fẹ́ kí NVDA máa dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tẹ bọ́tìnì NVDA yín, yálà Insert tàbí Caps Lock, pẹ̀lú Ctrl àti G. Ẹ fi Tab lọ títí ẹ ó fi gbọ́ Start NVDA after I sign in, ẹ fi àyè gbọọrọ (spacebar) máàkì rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Use NVDA during sign-in wà nítòsí rẹ̀, ẹ máàkì òun náà. Lẹ́yìn ìyẹn bọ́tìnì kan wà tó máa gbé ohùn àti eré ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn lọ sí ojú ìwé password. Tí ẹ bá fò ó, ohùn mìíràn tí ẹ ò mọ̀ rí á máa kí yín láràárọ̀. Windows á bi yín bóyá ẹ fọwọ́ sí i. Alt pẹ̀lú Y ni bẹ́ẹ̀ ni.

Tí ẹ bá tẹ ti Narrator tí kò fọhùn, tí NVDA náà kò fọhùn, ẹ má tíì rò pé kọ̀ǹpútà ti kú. Díráfà ohùn, ohun tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ ohùn, ló máa ń bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí. Ẹ wá earpiece tó ń lo USB, kì í ṣe èyí tó ń wọ ihò róbótó, kí ẹ fi í sí i. Inú earpiece yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ wà, Windows sì mọ irú rẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn fi nǹkan kan sí i. Ẹni tí kò ríran tó ń lo kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ ṣaláìní ọ̀kan nínú àpò.

Ẹ yí password yẹn padà tí ẹ bá ti wọlé. Ọmọ yín kì í ṣe àjèjì, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì yín wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn.

Ẹ ò bi mí ní èyí tí mo fẹ́ sọ wàyí, àmọ́ òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ímeèlì ta ni ọmọkùnrin yẹn fi ṣí i? Windows 11 Home máa ń béèrè àkáǹtì Microsoft nígbà tí wọ́n bá ń tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe a sì fi ímeèlì tiwọn tàbí ti ṣọ́ọ̀bù wọlé kí iṣẹ́ lè yá. Látorí irú Windows 11 tó jáde ní 2024, tí wọ́n ń pè ní 24H2, tí wọ́n bá tò ó tuntun pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, ó lè ti gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mọ́ inú àgádágodo fúnra rẹ̀, kó wá tọ́jú nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn gígùn gbọọrọ sínú àkáǹtì tí wọ́n fi wọlé. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá béèrè nọ́ńbà yẹn kí Windows tó jí, NVDA kò sí níbẹ̀ láti kà á fún yín, ọwọ́ ẹni tó ni àkáǹtì ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Accounts, ẹ wọ Your info, ẹ gbọ́ orúkọ àti ímeèlì tó bá kà. Tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ bi ọmọkùnrin náà léèrè, kí ẹ ní kó yí i sí tiyín lójú ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Nóòtì ẹ̀kọ́ yín kò sọnù, ẹ fọkàn balẹ̀. Microsoft ló yọ WordPad kúrò nínú 24H2, ohun tó ń ṣí fáìlì ló lọ, fáìlì fúnra rẹ̀ wà níbi tí ẹ fi í sí. Tí Word bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, yóò ṣí i. Tí kò bá sí, ẹ lo LibreOffice, ọ̀fẹ́ ni, Writer inú rẹ̀ á ka RTF, irú fáìlì tí WordPad ń kọ, láìjanpata. Ẹ má fi Notepad ṣí i o! Á ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n jákujàku àmì ni NVDA á máa kà sí yín létí, ẹ sì lè rò pé wọ́n ti ba iṣẹ́ yín jẹ́. Bó bá ti ṣí nínú Word tàbí Writer, ẹ fi Save As (F12 ni nínú Word) sọ ọ́ di docx, irú fáìlì ti Word, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kúrò lórí ọ̀rọ̀ WordPad títí láé.

Ti Mail náà rí bẹ́ẹ̀. 31 December 2024 ni wọ́n pa á tì, Outlook tuntun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí Gmail bá ni lẹ́tà yín, ọ̀dọ̀ Google ló wà, kò sí nínú Mail tó lọ. Mi ò fẹ́ràn Outlook tuntun yẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí Windows 11. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ ó máa fi bọ́tìnì NVDA pẹ̀lú àyè gbọọrọ yí padà yí bọ̀ láàárín kíkà àti kíkọ, ó sì ń fi dátà ṣòfò. Thunderbird ni mo ń fi sí tàwọn tí mò ń kọ́ ní Adó. Ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Mẹ́nù tí ẹ ò ti rí kọ́pì ńkọ́? Wọ́n kó cut, copy, rename àti delete kúrò nínú ìlà ọ̀rọ̀, wọ́n sọ wọ́n di àwòrán kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó ń fi ọfà ìsàlẹ̀ rìn á fò wọ́n kọjá. Tí ẹ bá wà lórí fáìlì, ẹ tẹ Shift pẹ̀lú F10, mẹ́nù àtijọ́ á jáde bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ sàn kí ẹ má ṣí mẹ́nù kankan: Ctrl pẹ̀lú C fún kọ́pì, Ctrl pẹ̀lú V láti lẹ̀ ẹ́, F2 láti yí orúkọ padà.

Ìdí abájọ gbogbo ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹ máa pe nǹkan lórúkọ, ẹ yé ka ìṣísẹ̀. Ctrl pẹ̀lú C, Alt pẹ̀lú F4, Windows pẹ̀lú R, àwọn wọ̀nyí ti wà láti 1995 ó kéré tán, wọ́n la gbogbo àtúntò já láìyẹsẹ̀. Ohun tó máa ń kú ni "Tab lẹ́ẹ̀mẹrin". Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá nǹkan, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows nìkan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, bluetooth, printer, Word, ẹ gbọ́ ohun tí NVDA kà, ẹ tẹ Enter. Mẹ́nù Start ì báà wà lápá òsì, ì báà wà láàárín, kò kàn yín. Lórí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, H á gbé yín lọ sí àkọlé, B sí bọ́tìnì, E sí ibi tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ohun tó yí padà tí ẹ ní láti kọ́ kò pọ̀: Windows pẹ̀lú A ń ṣí Wi-Fi, ohùn àti irú wọn nísinsìnyí, àwọn ìkéde sì ti bọ́ sábẹ́ Windows pẹ̀lú N. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbé kíka ìṣísẹ̀ jù sílẹ̀, kí ẹ máa pe orúkọ nìkan. Á nira fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí díẹ̀ tó bá ń ka èyí, Windows pẹ̀lú U ni kó tẹ̀. Ibẹ̀ ni títóbi lẹ́tà, àwọ̀ àti ohun tó ń fẹ ojú kọ̀ǹpútà lójú wà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti padà sí bí Windows ṣe tò wọ́n látilẹ̀, kó tún wọn tò.

Ní ti add-on, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi Windows. Ó jọ pé NVDA tuntun ni wọ́n tún fi sí i pẹ̀lú rẹ̀, torí NVDA àkọ́kọ́ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan máa ń fẹ́ kí àwọn tó kọ add-on tún un ṣe kó tó gbà á wọlé. Ẹ tẹ bọ́tìnì NVDA pẹ̀lú N, ẹ wọ Tools, ẹ wọ Add-on Store, ẹ wo àwọn tó ní ọ́pdéètì. Èyí tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti pa tì, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rojọ́ pé NVDA ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ́dọọdún, mo sì ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n rántí ẹni tó ṣe é. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ará Australia tí kò ríran, Michael Curran àti James Teh, ló gbé e kalẹ̀, 2006 ni Curran bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, torí pé JAWS, ohun mìíràn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà, àti irú rẹ̀ wọ́n ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa lè rà lọ. Títí di òní wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ní Èkìtì níbí, àìmọye ni kì bá má lè fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láìsí i.

Inú Tools yẹn kan náà lẹ ti máa rí Create portable copy. Ẹ fi flash kan sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe é, kí ẹ máàkì pé kó kó àwọn ètò tí ẹ ti tò sẹ́yìn lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù yín, ohùn yín àti add-on yín wà nínú àpò yín.

Ẹ tún wọ Windows Update nínú Settings. Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ lè fi dá ọ́pdéètì dúró níbẹ̀. Ẹ lò ó nígbà ìdánwò àti nígbà tí ẹ bá ń ṣe èsì àwọn ọmọ. Ẹ sọ Wi-Fi tó ń wá láti fóònù yín di metered connection, kí Windows má fi dátà yín wọ ọ́pdéètì ńlá láìbéèrè. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ́ kó ṣe é, kó jẹ́ ọ̀sán, kí bátírì kún, kí iná wà tàbí kí jẹnẹrétọ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Kọ̀ǹpútà máa ń dákẹ́ lọ gbọọrọ nígbà tó bá ń kú tó ń jí láàárín iṣẹ́ yẹn, NVDA kò sì lè sọ fún yín bóyá ó dé ìdajì tàbí ó ti há. Ẹ ní kí ẹni tó ríran máa wò ó. Ẹ má fọwọ́ pa á torí pé ó dákẹ́.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n gbé irú ọmọkùnrin yẹn lọ sílé ẹjọ́. Òfin tó ka ẹ̀tanú sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní 2019, dára, ẹ sì lè fi bá iléèwé yín sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bá yín ra RAM àti SSD, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé iṣẹ́ wọn lẹ fi kọ̀ǹpútà náà ṣe. Ti ọmọkùnrin náà kò tó ẹjọ́. Kò mọ̀ ni, kò sì béèrè.

Ẹ gbé e padà lọ bá a, kí ẹ sọ fún un pé ẹ máa jókòó tì í. Tó bá jẹ́ àkáǹtì tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, kó fi tiyín rọ́pò rẹ̀, kó wo díráfà ohùn, kó sọ iye RAM tó wà níbẹ̀ àti iye tó lè gbà. Kí ẹ tó dìde, kó pa kọ̀ǹpútà, kó tún un tàn, kó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹ̀yin fúnra yín wọlé. Bí NVDA kò bá kí yín níbi password, owó ò tíì kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn.